Ilẹ̀ Kì í Dédé Yọ̀: Ẹ Má Pè É Ní Àmúwá Ọlọ́run Mọ́

Àwọn àgbà wa ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ó pẹ́ tí a ti ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìdajì rẹ̀ nìkan ni a mú lò. Bí ilé bá wó, tí òkè bá ya lu abúlé, tí kòtò bá bo àwọn òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ ni pé àmúwá Ọlọ́run ni. Aṣojú ìjọba yóò dé pẹ̀lú fìlà tó gún régé, yóò bá àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn, yóò ní kò sí ẹni tó lè bá Elédùmarè ṣẹjọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, katakata ti kó àlàpà lọ, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ àná. Níbo wá ni onílé tí òwe náà ní kò gbọdọ̀ gbà wà?

Èmi náà gbà pé Ọlọ́run ló ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Òun kan náà ló fún ilẹ̀ ní ìwọ̀n. Gbogbo ilẹ̀ ló ní agbára kan tó fi ń kọ̀ láti yọ̀, yálà amọ̀ ni, yálà yanrìn ni, yálà àpáta ni. Agbára náà ṣeé wọ̀n. Ó ti lé ní 250 ọdún tí a ti mọ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láti wọ̀n ọ́n, tó wá lọ kó ẹrù lé e lórí, tàbí tó gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sá pamọ́ sẹ́yìn orúkọ Ọlọ́run lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá dá a lóhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ẹ da gààrí gbígbẹ sórí àtẹ. Yóò di òkìtì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì dagun dé ìwọ̀n kan. Bí ẹ bá ń dà á sí i, òkìtì náà lè fẹ̀, ó lè ga, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní dúró gán-ún-gán ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ wálẹ̀. Hóró gààrí kò lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ohun kan ṣoṣo tó mú òkìtì náà dúró ni pé hóró kọ̀ọ̀kan fara ti èkejì, ó sì ń dí i lọ́nà kí ó má baà yọ̀. Bí yanrìn gbígbẹ ṣe rí nìyẹn. Bí ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ bá ṣe wúwo tó ni àwọn hóró rẹ̀ ṣe ń di ara wọn mú tó.

Amọ̀ ní ìwà tirẹ̀. Amọ̀kòkò mọ̀ pé amọ̀ tó dára ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹ lè fi ọ̀bẹ gé e ní òòró, kí ó sì dúró bí ògiri láìjẹ́ pé ohunkóhun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀nà méjì yìí ni agbára ilẹ̀ ń gbà wá: ìlẹ̀mọ́ra, àti ìdílọ́nà tí hóró ń dí hóró lábẹ́ ẹrù. Ẹni tó kọ́kọ́ so méjèèjì pọ̀ nínú ìṣirò kan ni Charles-Augustin de Coulomb, ẹnjiníà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní erékùṣù Martinique níbi tó ti ń bójú tó kíkọ́ odi ogun. Ó gbé ìṣirò náà síwájú àwọn onímọ̀ ní Paris ní ọdún 1773. Àpáta pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Ènìyàn a máa wo òkúta kó ní kò sí ohun tó lè ṣe é, ṣùgbọ́n líle òkúta kọ́ ló máa ń pinnu, ẹlà tó wà láàárín rẹ̀ ni, àti ohun tó kún inú ẹlà náà. Àpáta ńlá lè jókòó sórí amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ẹlà, kí amọ̀ yẹn sì jẹ́ gbogbo ohun tó dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ omi, nítorí omi ló ń pa ènìyàn. Ọmọdé tó bá ti kọ́ ilé yanrìn létí òkun mọ ìdí ẹ̀kọ́ yìí. Bí yanrìn bá gbẹ, ilé kò ní dúró. Bí ó bá tutù níwọ̀nba, omi díẹ̀ yẹn yóò fa hóró mọ́ hóró, ògiri yóò sì dúró. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìgbì kan dé, kí omi kún àárín hóró wọ̀nyẹn, ilé yóò tú ká lójú ẹsẹ̀. Karl Terzaghi, ọmọ ilẹ̀ Austria tó ṣe ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ ní Istanbul, ló ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1925. Omi tó bá kún inú ilẹ̀ máa ń bá hóró gbé nínú ẹrù. Ìpín ẹrù tí omi bá gbé kò tẹ hóró mọ́ hóró mọ́, nítorí náà kò fi kún agbára ilẹ̀ rárá. Òkè tí òjò rọ̀ sí yó wúwo ju ti àná lọ, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó fi di ara rẹ̀ mú ti dín kù. Ẹni tó bá ti bu omi púpọ̀ jù sínú gààrí rí yóò yé ohun tí mò ń sọ: òkìtì ti di ohun tó ń ṣàn.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ilẹ̀ pupa tiwa máa ń tan ènìyàn jẹ. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, wọn yóò gbẹ́ kòtò tó jin ju ènìyàn méjì lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò dúró gán-ún-gán bí ẹni pé wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Kọ̀ǹgílá yóò fi ọwọ́ gbá a, yóò ní, "Ẹ wò ó, ilẹ̀ yìí le bí irin." Kì í ṣe irin. Ọ̀rinrin díẹ̀ tó fa hóró mọ́ra ló mú un dúró. Òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ dáadáa lè gba agbára yẹn padà láàárín wákàtí mélòó kan, pàápàá bí wọ́n bá tún kó yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde jọ sí ẹnu kòtò náà, tó ń tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè. Àwọn agbẹ́kànga àtijọ́ mọ èyí láìka ìwé Terzaghi. Mélòó nínú àwọn tó ń fi ọkọ́ ẹ̀rọ gbẹ́lẹ̀ lónìí ló mọ̀ ọ́n?

Ó yẹ kí n fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rí tí mo yàn kì í ṣe láti ilẹ̀ wa. Mo yàn án nítorí pé wọ́n jókòó lé ẹjọ́ rẹ̀ ní gbangba títí òkodoro fi jáde, ohun tó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ tiwa.

Aberfan jẹ́ abúlé àwọn awakùsà èédú ní gúúsù Wales. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da pàǹtírí tó ń bá èédú jáde sí orí òkè tó wà lókè abúlé náà, òkìtì lẹ́yìn òkìtì. Ní 1958, National Coal Board, àjọ ìjọba tó ni ibi ìwakùsà náà, bẹ̀rẹ̀ òkìtì keje. Orí ìsun omi ni wọ́n gbé e kà. Kì í ṣe ìsun omi tó fara pamọ́ o. Ó wà lórí máàpù tí ẹnikẹ́ni lè rà. Ní 1963, ẹnjiníà ìjọba ìbílẹ̀ kọ lẹ́tà láti fi àníyàn rẹ̀ hàn nípa pàǹtírí olómi tí wọ́n ń dà sókè ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ Pantglas. Lọ́dún yẹn kan náà, apá kan òkìtì keje yọ̀. Wọ́n ń da pàǹtírí lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 1966, lẹ́yìn òjò ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Pantglas ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì ni. Ọjọ́ tó kẹ́yìn kí wọ́n tó gba ìsinmi àárín sáà ni. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 15, òkìtì keje já. Kò wó bí ògiri ti ń wó. Omi ti kún inú rẹ̀ débi pé hóró kò di hóró mú mọ́. Ó ṣàn wálẹ̀ láti orí òkè bí ògì, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ náà lọ. Ènìyàn 144 ló kú. Ọmọdé ni 116 nínú wọn, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ju ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá lọ.

Kí ni alága àjọ náà, Lord Robens, wá sọ? Ó ní ìsun omi àdáyébá kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí ló fa á. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé ẹ kò rí i pé àmúwá Ọlọ́run wa kan náà ni èyí, tó kàn wọ kóòtù, tó de táì? Ìgbìmọ̀ olùwádìí jókòó fún ọjọ́ 76. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rí àwọn awakùsà, wọ́n gbọ́ ti àwọn onímọ̀ ilẹ̀, wọ́n wo máàpù. Nígbà tí àbọ̀ wọn jáde ní oṣù kẹjọ, ọdún 1967, wọn kò dá òjò lẹ́bi, wọn kò dá òkè lẹ́bi. Àjọ èédú náà ni wọ́n dá lẹ́bi: àwọn tí wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ tí wọn kò mọ̀, àwọn tó kọ etí ikún sí ìkìlọ̀, àwọn ọ̀gá tí kò fún ẹnikẹ́ni ní ìlànà kankan nípa òkìtì pàǹtírí. Terzaghi ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 41 ṣáájú. Ìmọ̀ wà nílẹ̀. Kò sí ẹni tó lọ bu ú.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjókòó yẹn rárá ni bàbá kan ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Níbi tí wọ́n ti ń ka ohun tó pa ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ikú, ó dìde, ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n kọ pé èémí ló há mọ́ ọmọ òun lára. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé àjọ èédú ló sin ín láàyè. Mo rò pé kò sí òbí kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní mọ ohun tó ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn.

N kò fẹ́ fi Wales ṣe àwòkọ́ṣe tí kò lábàwọ́n. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Wọ́n tilẹ̀ mú £150,000 nínú owó tí àwọn aláàánú dá fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n fi kún owó tí wọ́n fi kó àwọn òkìtì tó kù kúrò lórí abúlé náà. Ọdún 1997 ni wọ́n tó dá a padà, láìsí èlé. Ìwà ìtìjú ni. Síbẹ̀ òfin tuntun lórí òkìtì pàǹtírí jáde ní 1969, nítorí pé ẹni kan ti sọ ọ́ sínú ìwé pé ènìyàn ló ṣe é. Bí wọ́n bá ti fi orúkọ Ọlọ́run pa ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, òfin wo ni ìbá jáde? Ta ló ń ṣòfin fún Ọlọ́run?

Ẹ jẹ́ ká súnmọ́ ilé díẹ̀. Ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí àwọn Òkú, ọmọ ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, ti tẹ̀dó sí, òkè Sugar Loaf ya ní àgbègbè Regent ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 2017. Àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000. Òjò ti rọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí òjò tó dé ni wọ́n ti gé igi orí òkè náà, tí wọ́n sì ń kọ́lé sí ara rẹ̀. Gbòǹgbò igi máa ń ran ilẹ̀ lọ́wọ́ bí ìgbà tí a pò koríko mọ́ amọ̀ ògiri. Bí gbòǹgbò bá jẹrà, ìlẹ̀mọ́ra tó fi kún ilẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ sí Freetown láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òkè tí wọ́n ti tú àṣọ lára rẹ̀ ni òjò ọdún yẹn bá.

Nísinsìnyí, ilé tiwa. Ní ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. N kò sọ pé ilẹ̀ ló wó ilé yẹn o. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ń bèèrè iye àjà tí wọ́n fọwọ́ sí àti iye tí wọ́n kọ́, a ń bèèrè irú irin, a ń bèèrè bí sìmẹ́ǹtì ṣe pọ̀ tó nínú kọnkéré. Ìbéèrè tó dára ni gbogbo wọn. Ìgbà wo ni ẹ gbọ́ tí ẹnì kan bèèrè lórí rédíò pé, "Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Níbo ni ìwé rẹ̀ wà?" Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, lábẹ́ yanrìn funfun tí wọ́n fi dí àbàtà, ẹrẹ̀ dúdú rírọ̀ tó kún fún ewéko jíjẹrà ló wà níbẹ̀. Yanrìn òkè yẹn ń dán lójú. Ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni ilé yóò jókòó lé.

Ẹ wo bí ènìyàn wa ṣe ń kọ́lé. Yóò ra ilẹ̀. Yóò san owó ọmọ onílẹ̀, yóò tún san owó ìpìlẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀ kan náà, bí ó bá sì dé orí dẹ́kìn, wọn yóò tún padà wá. Yóò pe sọ̀fíyọ̀ kí ó wọnlẹ̀. Yóò pe pásítọ̀ tàbí àáfà kí ó gbàdúrà sí i. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Yóò se ìrẹsì ọjọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Lẹ́yìn náà bíríkìlà yóò fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀ yìí dáa." Àyẹ̀wò ilẹ̀ tán. Gìgísẹ̀ bíríkìlà ni ilé alájà mẹ́rin yóò gbára lé.

Bí ẹ bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó pe àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò, yóò ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi kò gbà. Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? Wọn yóò lu ihò wọlẹ̀, wọn yóò bu yẹ̀pẹ̀ láti ìpele kọ̀ọ̀kan, tàbí kí wọ́n ti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó wọlẹ̀ láti mọ bí ilẹ̀ ṣe ń kọ̀ ọ́ tó. Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọn yóò kó yẹ̀pẹ̀ náà sínú àpótí kékeré tó pín sí méjì, ìdajì lókè, ìdajì nísàlẹ̀. Wọn yóò gbé ẹrù lé e, wọn yóò sì máa ti ìdajì kan títí yẹ̀pẹ̀ yóò fi ya ní àárín. Wọn yóò kọ agbára tó fi ya sílẹ̀. Wọn yóò tún un ṣe pẹ̀lú ẹrù tó wúwo jù bẹ́ẹ̀. Nínú nọ́ńbà mélòó kan yẹn ni ẹnjiníà yóò ti mọ̀ bóyá ìpìlẹ̀ lásán tó, tàbí ó níláti gbá òpó wọlẹ̀ kọjá ẹrẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀ tó le. Ẹ fi owó yẹn wé owó ọmọ onílẹ̀ àti ìrẹsì, kí ẹ tó sọ fún mi pé kò sí owó.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn bàbá wa kọ́lé láìṣe àyẹ̀wò kankan. Irọ́ ni. Wọ́n ṣe é, ọ̀nà tiwọn ló yàtọ̀. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ilẹ̀ lórúkọ: amọ̀, yanrìn, ilẹ̀dú, yangí, àbàtà, akùrọ̀, ẹrẹ̀. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí a lè fi ilẹ̀ náà ṣe. Akùrọ̀ wà fún ẹ̀fọ́. Wọn kò kọ́lé sí àbàtà, bẹ́ẹ̀ ni ilé wọn kò ga, kò wúwo. Bí wọ́n bá ń mọ ògiri, wọn yóò mọ ìpele kan, wọn yóò fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí ó ní agbára, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Sùúrù yẹn ni ìmọ̀. Ilé ìṣọ́ Pisa ní Ítálì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1173 lórí amọ̀ rírọ̀, wà lórí ìdúró lónìí nítorí pé ogun dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún nǹkan bí 100 ọdún, tí amọ̀ abẹ́ rẹ̀ fi ráyè fún omi rẹ̀ jáde, tó sì le sí i. Àwa ń gbé ilé alájà mẹ́rin sórí akùrọ̀ tí a fi yanrìn bò lóṣù tó kọjá, a wá ń fi bàbá wa ṣe ẹlẹ́rìí.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba kò ta kókó. Bí wọ́n ṣe ń lé pátákó mọ́ iwájú ilé tí wọ́n ń kọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó náà: ọjọ́ tí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò, bí wọ́n ṣe jìn tó, àti orúkọ ẹnjiníà tó fọwọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ lè kà á. Kí ẹni tó bá gé ẹsẹ̀ òkè láti fi ṣe ilẹ̀ títà fi ìwé tirẹ̀ hàn pẹ̀lú, kí ó sì ṣe ojú àgbàrá kí ó tó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ tí ohunkóhun bá wó, ìwé yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú jáde, kí ìbánikẹ́dùn tẹ̀lé e. Bí kò bá sí ìwé, orúkọ ẹni tó gbà kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìsí i ni kí wọ́n kà sí wa létí.

Ní òpópónà tí mo ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́, wọ́n ti gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ kan láti inú oṣù kejìlá. Ó jin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pupa dáadáa, ó dúró gán-ún-gán. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, kò jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Láàárọ̀ àná, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta nísàlẹ̀ tí wọ́n ń di irin. Mo bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó dúró lókè bóyá wọ́n ti yẹ ilẹ̀ náà wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má dààmú, pé Ọlọ́run wà. Ojú ọ̀run ti ń ṣú láti ìhà ìlà-oòrùn.